Ibi Tí Anthelme Fi Súìṣì Sí

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, Anthelme, kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń bá jà, torí kì í gbọ́ ohun tí èèyàn ń sọ. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ló fi dúró nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ páìpù tábà nílé iṣẹ́ kan ní Saint-Claude nílẹ̀ Faransé, ariwo ẹ̀rọ náà sì fún un ní etí tó ń ṣa ọ̀rọ̀ gbọ́. Bí Huguette, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, bá ní kó wá lọ la igi ìdáná, ó ti di adití nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí n sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú ilé kọfí mi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí wáìnì tuntun, á gbọ́ ọ láti òdìkejì títì, á sì ti jókòó kí n tó nu ife tán.

Èmi ni Solange. Èmi ni mo ni ilé kọfí tó kọjú sí ilé ìjọsìn, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ta tábà. Nítorí náà, kò sí ẹ̀sùn tí ẹ fẹ́ fi kàn mí nípa ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọkùnrin abúlé wa tí n kò tíì fi kan ara mi.

Tábìlì kan wà tó jẹ́ tiwọn: Anthelme, Célestin tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ páìpù, àti Onésime tó ń pín lẹ́tà nígbà tó ṣì lágbára. Látìgbà tí ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má mu tábà nínú ilé kọfí mọ́, mo gbé tábìlì náà síta, mo ta tapólì lé e lórí. Yìnyín lè ga dé orúnkún, wọ́n á wà níbẹ̀, ẹ̀wù òtútù mẹ́ta mẹ́ta lọ́rùn, bí àpò ọ̀dùnkún tí wọ́n gbàgbé síta. Wọ́n ní òfin tiwọn. Gbogbo wọn á rọ tábà sínú páìpù lẹ́ẹ̀kan náà, ìṣáná kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni tí iná páìpù rẹ̀ bá pẹ́ jù lọ kó tó kú ni àwọn tó kù máa ra wáìnì fún. Anthelme ló sábà máa ń jẹ wọ́n. Àṣírí rẹ̀ wà nínú àtàǹpàkò. Bó bá ti fa èéfín bíi mẹ́rin, á fi àtàǹpàkò ọ̀tún tẹ orí tábà náà jẹ́jẹ́, kí iná má sáré, kó má sì kú. Awọ ìka náà ti le, ó ti pọ́n bí èèpo búrẹ́dì tó jóná. Célestin kò ní irú rẹ̀. Ayùn ilé iṣẹ́ ti gba àtàǹpàkò ọ̀tún tirẹ̀ lọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń fi ẹnu gbẹ̀san lára gbogbo ayé.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012, dókítà sọ ohun kan tí Anthelme gbọ́. Huguette ló bá a lọ. Dókítà náà, ọmọbìnrin kan tí Anthelme lè fi ṣe ọmọ-ọmọ, gbé àwòrán ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ síwájú iná, ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó fúnra yín. Bí ẹ bá fi tábà sílẹ̀ lónìí, ẹ ṣì máa pẹ́ láyé. Bí ẹ ò bá fi í sílẹ̀, ẹ máa rí Kérésì tó ń bọ̀ yìí. Èyí tó tẹ̀ lé e, mi ò lè ṣèlérí."

Anthelme wo àwòrán náà títí. Ó ní, "Ó jọ páìpù tí wọn ò fọ̀ rí."

Huguette sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n jáde, ó di òun lọ́wọ́ mú títí tí wọ́n fi dé ìdí mọ́tò, ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù ba ẹ̀gbọ́n mi, ju àwòrán lọ.

Ó fi tábà sílẹ̀ lóòótọ́. Ọjọ́ kejì, ó wá jókòó sídìí tábìlì, kò ní nǹkan lẹ́nu. Wọ́n bá a kẹ́dùn lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kẹta, Célestin ò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Ṣé Fadá ló rán ọ wá ni? O jókòó bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìjẹ́wọ́ wa."

"Fi í sílẹ̀," Onésime dáhùn. "Jẹ́ kó máa gbé èéfín tiwa mì, ọ̀fẹ́ ni."

Anthelme rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣá ìṣáná, mo rí i láti ojú fèrèsé pé ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan, bí ọmọ tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan oúnjẹ. Lọ́jọ́ karùn-ún, kò wá mọ́. Huguette ló wá, ó sì dúró sídìí káúńtà láìbọ́ ìbọ̀wọ́.

"Solange, tábà ò ní pa ọkọ mi mọ́. Ojú fèrèsé ló máa pa á. Àtàárọ̀ ló ti ń wo tapólì yín."

Gbogbo wa mọ ohun tó wà níwájú. Anthelme kò lè gbé láìsí tábìlì yẹn, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sídìí rẹ̀ láìsí páìpù. Bí a ò bá rí nǹkan fi sí i lẹ́nu, yóò padà sí tábà, tábà yóò sì mú un lọ.

Èmi ni mo mú ìdáhùn lọ, mo rò pé ìdáhùn ni. Aláròóbọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé sígá oníbátìrì wá fún mi tà. Omi dídùn kan wà nínú rẹ̀, wáyà kékeré kan á gbóná, omi náà á di èéfín. Kò sí tábà, kò sí iná. Dókítà ní òun ò ní pè é ní oúnjẹ, ṣùgbọ́n ó sàn ju èyí tó wà nínú àwòrán lọ. Mo gbé e síwájú Anthelme nínú ilé ìdáná wọn.

"Kí lèyí?"

"Ohun tí ẹ ó máa mu ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ó yí i padà lẹ́ẹ̀mejì. "Bírò ni."

"Kì í ṣe bírò."

"Solange, mo ti gbẹ́ páìpù tó pọ̀ tó láti to yí òkè yìí ká. Ṣé bírò ni n ó wá fi sẹ́nu níwájú Célestin? Kí n kúkú kú."

"Bó o bá máa kú, tètè sọ," Huguette dá sí i láti ìdí ààrò, "aṣọ dúdú mi ti há mi láyà, mo fẹ́ lọ rán òmíràn."

Kò gbọ́. Ó ti fi ọ̀bẹ ya sígá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń wo ìfun rẹ̀.

Báyìí ni iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá abẹ́ ilé wọn. Anthelme ní gbòǹgbò igi kan tó ti ń gbẹ láti ọdún tó fẹ̀yìn tì, irú èyí tí a fi ń gbẹ́ páìpù gidi, tó máa ń sọ pé òun ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ pàtàkì. Ó gbẹ́ páìpù kan nínú rẹ̀ tó rẹwà débi pé Huguette gbé e lé orí tábìlì oúnjẹ, ó ń wò ó. Ó há bátìrì sínú ikùn rẹ̀, ó fi wáyà àti omi sí ọrùn. Gbogbo rẹ̀ rọ̀ ọ́ lọ́rùn àfi ohun kan: súìṣì. Kí wáyà tó gbóná, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ fún bátìrì pé ó tó àkókò. Ibo ni wọ́n á ti sọ ọ́ fún un?

Ó kọ́kọ́ fi í sí ẹ̀gbẹ́ ikùn páìpù, bọ́tìnnì kékeré kan. Èmi náà ìbá ti fi í síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń mu páìpù kì í gbé e sílẹ̀ bí ó bá ń lọ síbì kan, àpò ló ń kì í bọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, nínú ilé ìjọsìn nígbà Máàsì, Anthelme kì í sínú àpò ṣòkòtò, kọ́kọ́rọ́ ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bọ́tìnnì náà. Bí Fadá ṣe gbé ara Olúwa sókè, tí gbogbo ilé parọ́rọ́, èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti itan ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ó ń rùn bí ápù tí wọ́n sè. Fadá wo àwo tùràrí. Tùràrí ò jó. Ó wá wo Anthelme. Anthelme fẹ́ gbá iná náà pa, ọwọ́ rẹ̀ sì ti gbéra, nígbà tí Célestin yọ orí láti ìjókòó ẹ̀yìn.

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ o, ọ̀rẹ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù orí ẹ̀pọ̀n."

Mo bo ojú mi bí ẹni tó ń gbàdúrà. Orí mi ò gbé e, ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ṣòkòtò ọjọ́ ìsinmi náà lu, ihò rẹ̀ tó owó ẹyọ yúrò méjì.

Ó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni ó gbìyànjú irú èyí tí kò ní bọ́tìnnì, tó jẹ́ pé atẹ́gùn tí èèyàn bá fà ló ń jí bátìrì. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ páìpù í mu kì í fà á bí ẹni tó ń fa ọ̀rá látinú eegun. Ó kàn ń fẹnu kàn án ni, bí ẹni ń tọ́ kọfí gbígbóná wò, nígbà míì á tiẹ̀ fẹ́ èémí sínú rẹ̀. Bátìrì ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Ó ń fà á, ó ń fà á, nígbà tí ó fi agbára fà á, omi dídùn náà ló tú sí i lọ́fun.

"Àbí kí n gbé ọmú fún ọ ni?" Huguette bi í.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó fi súìṣì sí ẹnu páìpù, kó lè máa fi eyín tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà ò burú rárá. Eyín Anthelme ni kì í ṣe tirẹ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó dán an wò: ó fi eyín tẹ̀ ẹ́, èéfín yọ, inú wa dùn, ó wá fa páìpù náà jáde lẹ́nu, gbogbo eyín òkè sì bá a jáde, wọ́n di páìpù mú gírígírí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé páìpù àti eyín sórí tábìlì, ó wọ yàrá lọ.

Mo ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tó báyìí, ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú Kérésì, ó wọ ilé kọfí mi ní ọ̀sán, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni. Kò bọ́ fìlà. Ó kọjá tábìlì, ó wá sídìí tábà.

"Fún mi ní ti àtijọ́."

Páálí aláwọ̀ eérú tó ti ń rà lọ́wọ́ mi fún ogún ọdún ló ní lọ́kàn.

"Ó ti tán," mo ní.

"Ó wà lẹ́yìn orí ẹ."

"Ti ẹlòmíì ni."

"Solange, o ti di dókítà?"

"Àbúrò ìyàwó yín ni mo jẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, bọ́ọ̀sì Saint-Claude ń bọ̀ láago mẹ́ta. Ẹ̀yin àti ẹ̀dọ̀fóró yín, ẹ jọ wọ̀ ọ́. Ọwọ́ tèmi kọ́ lẹ máa ti gbà á."

Mo retí pé yóò bínú. Ìbá dára bó bá bínú. Ó kàn dúró, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí káúńtà.

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó láìní páìpù, Solange. Ọwọ́ mi ò mọ ibi tó máa wà."

Ẹ̀rù bà mí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ta ohun yẹn, n kò rò ó rí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n ó fi ara dí i fún ẹni tí mo fẹ́ràn. Mo fún un ní kọfí kí n lè rí nǹkan ṣe. Ó jókòó sórí àga gíga, ó yọ páìpù rẹ̀ àtijọ́ láti inú àpò, òfìfo, ó fi sẹ́nu. Mo ń nu káúńtà tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí i, mo tún padà sídìí káúńtà mi, mo tún gbójú sókè, mo tún rí i. Inú bí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń tẹ̀ gan-an?"

"Ta ló ń tẹ nǹkan?"

"Ẹ̀yin ni! Ẹ ti ti àtàǹpàkò bọ páìpù yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí nǹkan nínú ẹ̀. Ẹ ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń wo bóyá ara ọmọ gbóná."

Ó wo àtàǹpàkò rẹ̀. Ó wà nínú ikùn páìpù lóòótọ́. Ó wò ó bí ẹni pé ẹlòmíràn ló wá fi í síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó mú bírò tí mo fi ń kọ ohun tí àwọn oníbàárà bá béèrè, ó kì í sápò, ó sì mú ọ̀nà ilé pọ̀n.

"Kọfí yín ńkọ́?"

"Mu ún!"

"Bírò mi ńkọ́?"

Kò gbọ́.

Ẹ ti mọ ibi tó fi í sí. Láti ọjọ́ tó ti ń mu páìpù ni súìṣì ti wà lára rẹ̀, kò kàn mọ̀ ni. Ó gbẹ́ igi pẹlẹbẹ kékeré kan tó wọ ẹnu ikùn páìpù wẹ́kú, ó sun orí rẹ̀ lójú iná títí tó fi dúdú bí tábà tó ti jó dé àárín, ó sì gbé e lé orí sípíríǹgì. Tẹ̀ ẹ́, idẹ méjì á kan ara wọn nísàlẹ̀, wáyà á gbóná. Gbé ìka kúrò, ó parí. Sípíríǹgì ló fún un ní wàhálà. Ti inú aago ògiri le jù, ó ń ti ìka padà bí ewúrẹ́. Ti tọ́ọ̀ṣì rọ̀ jù, èéfín ń jáde bí èèyàn bá ti yọ ìka sí i. Èyí tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu níkẹyìn ni ti inú bírò mi. Mo sọ fún un pé kó rántí pé òun ló ní kàkà kí òun fi bírò sẹ́nu, kí òun kúkú kú. Ìyẹn náà, kò gbọ́.

Huguette ló kọ́kọ́ bá a dán an wò. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò gbé e, èéfín sì bò ó lójú bí ti rélùwéè.

"Kì í ṣe aago ẹnu ọ̀nà!" Anthelme pariwo. "Jẹ́jẹ́! Kì í ṣe pé ò ń pè é, ò ń tù ú nínú ni!"

"Ogójì ọdún ó lé," Huguette sọ fún mi, ó ń nu ojú, "kò tù mí nínú bẹ́ẹ̀ rí."

Lọ́jọ́ kejì Kérésì, ó gbé e wá. Òtútù ọjọ́ náà lè ya òkúta. Mo di ìlẹ̀kùn mú.

"Ẹ̀gbọ́n, òfin ò ka èyí sí tábà. Ẹ lè mu ún nínú ilé. Ẹ wo ààrò, ẹ wo àga. Ẹ jókòó."

"Ṣé inú ilé ni tábìlì wà?"

"Ẹ̀dọ̀fóró yín—"

Ó ti jáde. Mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì, mò ń ráhùn. Ó jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, ó fi páìpù sẹ́nu, ó fà á bíi mẹ́rin, àtàǹpàkò rẹ̀ sì lọ sí ibi tó ti ń lọ láti àádọ́ta ọdún. Èéfín jáde. Onésime yọ páìpù tirẹ̀ lẹ́nu.

"Ìgbà wo lo ṣáná sí i?"

"N kò ṣáná."

Célestin tẹ́ imú síbẹ̀. "Tọ́ọ̀ṣì ni. Ọ̀rẹ́ mi ń mu tọ́ọ̀ṣì. Bí iná bá lọ lálẹ́ yìí, ẹ jẹ́ ká gbé e kọ́ sí àárín abúlé."

"Ó mà rẹwà o," Onésime ní.

"Mo sọ pé kò rẹwà? Mo ní tọ́ọ̀ṣì ni. Wáìnì ńkọ́? Iná ẹni yìí kì í kú. Ṣé títí ayé la ó máa rà á fún un ni?"

Wọ́n bá ara wọn jiyàn lórí ìyẹn fún bíi wákàtí kan, ọ̀rọ̀ tí mo rò pé ilé ẹjọ́ gíga kò lè parí. Onésime ló dájọ́ níkẹyìn: páìpù tí kò lè kú, kò lè borí. Láti ọjọ́ náà lọ, Anthelme lè jókòó, ó lè sọ̀rọ̀, ó lè fi àwọn yòókù ṣe ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n kò ní jẹ wọ́n mọ́ láé. Ẹni tó ti ń jẹ wọ́n láti ìgbà tí irun wọn ṣì dúdú! Mo wo ojú rẹ̀. Ó mi orí pé òun gbà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ọkàn mi bàjẹ́ díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ àtijọ́ dà á. Ẹ mọ ohun tó kàn nígbà tí ẹni tó ń mu páìpù bá fẹ́ dìde. Anthelme, tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ pátápátá, gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé orúnkún òsì, ó sì gbá páìpù náà mọ́ gìgísẹ̀ bàtà lẹ́ẹ̀mejì, kó lè da eérú rẹ̀ nù.

Igi dúdú náà fò. Sípíríǹgì bírò mi wọ inú yìnyín, a ò tíì rí i dòní. Bátìrì bọ́ sínú ife Célestin, ó ró gbìn-ìn.

Célestin gbé ife náà sókè, ó wò ó lójú ìmọ́lẹ̀.

"Mo ti mọ̀ pé wáìnì Solange kò lágbára," ó ní, "ṣùgbọ́n kò yẹ kẹ́ ẹ wá fi bátìrì kún un."

Anthelme ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò gbọ́ láti ọjọ́ tó ti rí dókítà. Onésime ń gbá tábìlì. Célestin rẹ́rìn-ín títí tí ẹ̀rín rẹ̀ fi di ikọ́, ikọ́ náà ò sì tán. Ó dìde, ó lọ sẹ́yìn tapólì, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Àwọn tó kù ṣì ń wá sípíríǹgì nínú yìnyín. Èmi gbọ́ ikọ́ náà.

Anthelme fi ìṣó kékeré tí wọ́n ń yí wọlé de ikùn páìpù náà, kí ó má lè tú mọ́, ó sì ja bírò mi kejì gbà. Ohun gbogbo ń lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tó di àárín oṣù Kìíní, òtútù mú un, ó sùn fún ọjọ́ mẹ́fà, nígbà tó sì dìde, Huguette mú un wá fúnra rẹ̀, ó fi í jókòó sídìí ààrò mi, ó ní bó bá fi ẹsẹ̀ kan ìta, òun á ju páìpù náà sínú iná tòun ti bátìrì. Ìyẹn, ó gbọ́ ọ.

Báyìí ni ó ṣe wà níbẹ̀, ibi tó móoru, páìpù tó dára jù lọ tó gbẹ́ rí lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ojú gíláàsì. Ọjọ́ kìíní. Ọjọ́ kejì. Mo gbé wàràkàṣì yíyọ́ fún un, kò jẹ ẹ́ tán. Mo ronú pé, Solange, ojú fèrèsé tìẹ ló tún wá kàn.

Ní ọjọ́ kẹta, Célestin wọlé. Kì í wọlé. Láti ọjọ́ tí òfin ti dé, ó ní òun ò lè wọ ibi tí wọ́n bá ti lé páìpù òun síta. Bó bá fẹ́ tọ̀ pàápàá, ẹ̀yìn ilé ìjọsìn ló ń lọ. Ó fa àga, ó jókòó kọjú sí Anthelme, ó yọ páìpù tirẹ̀ ó gbé e sórí tábìlì. Kò sí tábà nínú rẹ̀, wọ́n ti fọ̀ ọ́. Páìpù tí Anthelme gbẹ́ fún un lọ́dún tó gbéyàwó ni.

"Dókítà kékeré yẹn," ó ní, "ó ní àwòrán tèmi náà wà."

Anthelme gbé páìpù tirẹ̀ sílẹ̀, ó wò ó.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì kú. Ṣé o lè fi tọ́ọ̀ṣì sínú èyí, àbí o ò lè ṣe é?"

"Mo lè ṣe é."

"Kó má máa rùn bí ápù o. Èmi kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni." Ó wá gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, èyí tí ó ní ìka mẹ́rin, ó sì yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún níwájú Anthelme, bí ẹni pé àwàdà ni. "Àmọ́ súìṣì rẹ, àtàǹpàkò ló ń jẹ́ fún. Èmi ńkọ́?"

Anthelme ò wo ọwọ́ náà. Ó ti fa bírò mi yọ, ó ń ya nǹkan sẹ́yìn ìwé tí mo fi kọ iye kọfí.

"Oríkèé ìka ìfábẹ̀lá lo fi ń tẹ tábà," ó ní, "o sì máa ń yí ọwọ́ sápá òsì kó tó wọlé. Ihò tìẹ gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju tèmi lọ. Orí bọ́tìnnì náà á dagun díẹ̀, á kọjú sí ọ. O máa ń tẹ̀ ẹ́ jù, ìdí nìyẹn tí iná rẹ fi ń tètè kú. Sípíríǹgì tó le díẹ̀ la máa fi sí i."

Célestin tẹ orí wo ìwé náà.

"Ta ló sọ gbogbo ìyẹn fún ọ?"

"Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń jẹ ọ́ nídìí tábìlì. Ṣé o rò pé oríire ni?"

Mo yíjú sí ẹ̀rọ kọfí torí omi ti lé sí mi lójú, n kò sì fẹ́ kí Célestin rí i kó fi mí ṣe orin. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ tí wọ́n ń kan fèrèsé. Onésime ni. Ó dá wà lábẹ́ tapólì, yìnyín wà lórí fìlà rẹ̀, ó tẹ imú mọ́ gíláàsì.

"Ṣé ẹ ti kú síbẹ̀ ni?" ó pariwo.

Mo lọ ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ó wo ààrò, ó wo àwọn méjèèjì tí wọ́n tẹ orí bo ìwé, ó tún wo páìpù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ṣì ń rú èéfín. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó gbá a mọ́ gìgísẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, eérú sì dà sórí yìnyín. Ó nu ẹsẹ̀, ó wọlé, mo sì ti ilẹ̀kùn.